Ọmọ ilé-ìwé mi ń kọ ìtàn ẹ̀rọ àti ìràwọ̀: ẹ bá mi wá ẹ̀rí láti inú ìgbé-ayé Isaac Asimov

Olùkọ́ Fisíìsì, Àkúrẹ́

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì, mo sì máa ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà jọ fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin ọdún 15, ti fi ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kún nóòtù mẹ́ta. Ìtàn ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sínú òṣùpá wà níbẹ̀, ìtàn ẹ̀rọ kan tí ó ń bá ìyá gún iyán sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá rẹ̀ wá bá mi ní ilé-ìwé, ó bẹ̀ mí pé kí n gba ọmọ náà níyànjú kí ó jáwọ́ nínú ìtàn kíkọ, nítorí pé iṣẹ́ dókítà ni ó fẹ́ kí ó kọ́, ẹni tí ó bá sì ń lé eku méjì yóò pòfo. Mo sọ fún un pé òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì kan wà tí ń jẹ́ Isaac Asimov, tí ó kọ́ kẹ́mísírì títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí àwọn ìwé tí ó kọ àti èyí tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ sì lé ní 500 kí ó tó kú. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo ti ka díẹ̀ nínú ìwé ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbé-ayé rẹ̀ tó bí ó ṣe yẹ. Kí ni kí n sọ fún bàbá, ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ gbé fún ọmọ, kí sì ni ọmọ lè rí kọ́ lára bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Ilé-Ìkàwé, Oǹdó

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ibi tí mo rò pé kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, torí pé ohun tí yóò yé bàbá náà kíákíá nìyẹn. Abúlé kan tí ń jẹ́ Petrovichi ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí Asimov. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an kò dájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1920 ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tiwa náà ṣe yan ọjọ́ kan nígbà tí ìwé ìjọba bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1923, àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Brooklyn ní ìlú New York. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta súìtì, sìgá, ìwé ìròyìn àti magasíìnì.

Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ti ní ìsọ̀ ní Ọjà Ọba mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń ṣí láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di òru, kò sí ìsinmi, gbogbo ọmọ tí ó bá ti lè ka owó ni ó sì ń jókòó tì í. Asimov sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ láti máa jí ní kùtùkùtù kí òun sì máa ṣiṣẹ́ ní ojoojúmọ́, kódà nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń lé òun mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 5.

Ẹ sọ èyí fún bàbá ọmọ náà pẹ̀lú: bàbá Asimov pẹ̀lú kò fẹ́ ìtàn àròsọ. Magasíìnì ìtàn kún orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ó kà wọ́n léèwọ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ni. Ní ọdún 1929, magasíìnì tuntun kan jáde tí ọ̀rọ̀ «sáyẹ́ǹsì» wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé e lọ bá bàbá rẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ ni èyí, bàbá sì gbà. Láti inú ìyọ̀ǹda kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tí a ń sọ lónìí ti jáde. N kò lè ka apá yẹn nínú ìtàn ayé rẹ̀ láì rántí iye ọmọ tí mo rí ní ilé-ìkàwé fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ń fi ìwé ìtàn pamọ́ sí abẹ́ ìwé ìṣirò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹ́mísírì, FUTA

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀kọ́ rẹ̀ kún un, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí tí bàbá ọmọ náà ń wá wà. Dókítà ni àwọn òbí Asimov fẹ́ kí ó dà. Ó kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò sí èyí tí ó gbà á. Ó padà sí kẹ́mísírì ní Yunifásítì Columbia, níbi tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1939, oyè kejì ní 1941, àti oyè ọ̀mọ̀wé ní 1948, lẹ́yìn tí ogun àgbáyé ti dá a dúró fún ọdún mélòó kan, tí ó fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Philadelphia. Ní 1949, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Boston gbà á láti máa kọ́ àwọn dókítà ọ̀la ní bayokẹ́mísírì. Ẹni tí wọn kò gbà láti kọ́ ìṣègùn ni ó padà ń kọ́ àwọn oníṣègùn.

Ìtàn kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ̀rù ìdánwò oyè bá ń bà. Nígbà tí Asimov ń kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó ṣàròkọ ìwádìí kan lórí nǹkan tí kò sí láyé, tí ó pè ní thiotimoline, èyí tí ó máa ń yòrò kí wọ́n tó da omi sí i. Ó ní kí olóòtú má ṣe fi orúkọ òun sí i, kí àwọn tí yóò dán òun wò má baà rò pé òun ń fi sáyẹ́ǹsì ṣeré. Olóòtú sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbangba. Ní ọjọ́ ìdánwò, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi í ní gbogbo ìbéèrè tó le, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ó ṣàlàyé ìhùwàsí thiotimoline fún àwọn. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, torí ó mọ̀ nígbà náà pé òun ti yege.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ọmọ náà má ṣe fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí ìtàn, kí ó má sì fi ìtàn sílẹ̀ nítorí ilé-ìwé. Ọdún 1958 ni Asimov tó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ tí ó gbájú mọ́ ìwé kíkọ nìkan, ìyẹn nígbà tí owó ìwé ti ju owó oṣù lọ, kódà wọn kò gba oyè olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1979 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá.

Òǹtàwé Àlòkù, Ọjà Ọba

Ẹ má ṣe gbé ìwé ńlá fún ọmọ náà lákọ̀ọ́kọ́. Ìtàn kékeré ni ọkùnrin yẹn ti mú orúkọ, ìtàn kékeré ni kí ẹ sì fi ṣí i lójú. «The Fun They Had», tí ó jáde ní 1951, kò ju ojú-ewé díẹ̀ lọ: ní ọdún 2155, àwọn ọmọ méjì rí ìwé gidi kan tí a tẹ̀ sórí bébà, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń dúró sójú kan, torí pé ẹ̀rọ ni ó ń kọ́ olúkúlùkù wọn nínú ilé. Ẹ kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wọn ní «The Feeling of Power», níbi tí àwọn ènìyàn ti fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ títí tí wọn kò fi mọ ìsọdipúpọ̀ mọ́, tí òṣìṣẹ́ kékeré kan sì tún ṣàwárí bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é lórí bébà, tí àwọn ológun sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò lè ṣe 7 lọ́nà 8 láìfi fóònù ṣe é yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ.

Èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù ni «The Last Question», ti ọdún 1956. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn ń bi ẹ̀rọ ńlá kan láti ìran dé ìran, fún àìmọye ọdún: nígbà tí gbogbo ìràwọ̀ bá ti jó tán, ṣé a lè tún wọn tàn? Mo kà á ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, n kò sì lè sùn.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí ẹ tó mú *I, Robot* wá, àkójọ ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án tí ó jáde ní 1950. *Foundation* yẹ kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹ́mísírì, FUTA

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. *Foundation* ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 16, òun ló sì mú kí n gbàgbọ́ pé ìtàn ìjọba àti ìtàn sáyẹ́ǹsì lè jókòó sórí àga kan. Asimov ti ka ìtàn bí Ilẹ̀-Ọba Róòmù ṣe wó, ó sì ro irú ìwólulẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ìràwọ̀. Ọ̀mọ̀wé kan, Hari Seldon, fi ìṣirò mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, bí a kò tilẹ̀ lè mọ ibi tí ẹnì kan ń lọ. Ó rí i pé ilẹ̀-ọba yóò wó, ó sì dá ìlú kékeré kan sílẹ̀ sí ìpẹ̀kun ìràwọ̀ láti gé ọdún òkùnkùn kúrú láti 30,000 sí 1,000. Ẹni tí a tọ́ dàgbà pẹ̀lú ìtàn bí ìlú ṣe dìde, tí ìlú tú, tí wọ́n sì tún ìlú tẹ̀, yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Kí ó ṣáà kà wọ́n bí wọ́n ṣe jáde: *Foundation* ní 1951, *Foundation and Empire* ní 1952, *Second Foundation* ní 1953. Àwọn tí ó kọ lẹ́yìn náà, láti 1982, lè dúró.

Òǹkọ̀wé Ọ̀dọ́, Àlàgbàká

Olùkọ́, ẹ béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó kàn mí jù, torí pé èmi náà ń kọ̀wé, mo sì ti rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn olóòtú ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1938, ọmọ ọdún 18 ni Asimov nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì John W. Campbell, olóòtú magasíìnì *Astounding*, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìtàn àkọ́kọ́ tí ó parí lọ. Campbell gbà á lálejò, ó bá a sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ó ka ìtàn náà, ó sì dá a padà fún un. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé ìtàn yẹn kò jáde rárá títí di òní. Ó ti sọnù. Asimov lọ sílé, ó kọ òmíràn, ó tún gbé e lọ. Ìtàn rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, «Marooned Off Vesta», magasíìnì mìíràn ni ó gbà á, ní 1939, wọ́n sì san dọ́là 64 fún un. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ yẹn ni «Nightfall» jáde, ìtàn ayé kan tí oòrùn mẹ́fà ń tàn sí, tí òkùnkùn kì í ṣú níbẹ̀ àfi ní ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 2,049. Àwa tí a rántí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo oòrùn mọ́ wa lójú, mọ bí ara ṣe máa ń rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà lọ́sàn-án. Asimov ní kí a ro ti àwọn tí kò tíì rí alẹ́ rí.

Ní ti ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀, kò fi ẹwà ọ̀rọ̀ bo ohunkóhun. Ó fẹ́ kí òǹkàwé rí ohun tí ó ń sọ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ dí i lójú. Ó máa ń tẹ ìtàn lórí tapuréta ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 90 ní ìṣẹ́jú kan, yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi ránṣẹ́. Bí ìwé kan bá sú u, yóò bọ́ sórí òmíràn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti 1958, ó kọ àròkọ sáyẹ́ǹsì 399 fún magasíìnì kan, oṣooṣù láìyẹ̀, títí àìsàn fi dá a dúró. Ó kọ̀wé lórí kẹ́mísírì, ìtàn, Shakespeare, kódà ó kọ ìwé ńlá méjì lórí Bíbélì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Èmi kò rò pé ọmọ ọdún 15 gbọ́dọ̀ máa kọ bí i tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ó mú ni pé kí ó máa parí ìtàn. Nóòtù mẹ́ta tó kún dára, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè mélòó nínú àwọn ìtàn náà ni ó ní ìparí.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ sọ ìgbé-ayé ènìyàn fún ọmọ, ẹ sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti jẹ́rìí pé Asimov máa ń fi ọwọ́ kan àwọn lára láìgba àṣẹ ní ibi ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ìtàn, àwọn ọkùnrin ìgbà yẹn sì ń fi í ṣe ẹ̀rín. Ìwà búburú ni. Àwọn ọmọbìnrin wà nínú ẹgbẹ́ yín ní ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n má ṣe gbọ́ ọ níta lẹ́yìn ọ̀la kí wọ́n wá rò pé olùkọ́ àwọn mọ̀, ó sì fi pamọ́. Mo ṣì ń ka ìwé rẹ̀. Mo fẹ́ràn Ọ̀mọ̀wé Susan Calvin inú ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì, obìnrin tí ó mọ ọkàn ẹ̀rọ ju gbogbo ọkùnrin tó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò pa ìwà rẹ̀ rẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Oǹdó

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Èmi yóò fi ikú rẹ̀ kún un, torí ìwé kan tí ẹ lè bá pàdé yóò kàn sọ pé àìsàn ọkàn àti kíndìnrín ni. Ní 1983, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní àkókò tí kò tíì sí àyẹ̀wò kòkòrò HIV fún ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kó o. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1992. Nítorí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo àrùn náà, àwọn dókítà gba ìdílé rẹ̀ níyànjú kí wọ́n má sọ, ìyàwó rẹ̀ Janet, tí òun náà jẹ́ dókítà, kò sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé títí di 2002. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti rí ìdílé tí ó pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tí àṣírí náà fi wúwo ju àrùn lọ.

Olùkọ́ Èdè Yorùbá, Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 1938 kan náà tí Asimov ń wọ ọkọ̀ lọ bá olóòtú rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, jáde ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà kò ní í bẹ̀rù láti fi èdè wa ṣe ohun tí ojú kò rí rí.

Mo gbìyànjú láti sọ òfin rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́ta Asimov, tí ó kọ́kọ́ fara hàn ní kíkún nínú «Runaround» ní 1942, ní èdè wa báyìí. Rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ṣe ènìyàn ní jàǹbá, kò sì gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́rán kí jàǹbá ṣe ènìyàn. Rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu, àfi bí àṣẹ náà bá tako òfin kìíní. Rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀, bí èyí kò bá ti tako òfin kìíní tàbí ìkejì. Nínú ìtàn yẹn, wọ́n rán rọ́bọ́ọ̀tì kan níṣẹ́ sí ibi eléwu, òfin kejì ń tì í síwájú, òfin kẹta ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń yí adágún kan po bí ẹni tó mutí yó.

Nítorí náà, ẹ mú ọmọ náà padà sídìí odó iyán rẹ̀. Ìyá ní kí ẹ̀rọ máa gún iyán, kí ó má dúró. Ọmọ kékeré na ọwọ́ sínú odó. Kí ni ẹ̀rọ yóò ṣe, èwo nínú òfin ni yóò sì fi ṣe é? Bí ó bá lè dáhùn ìyẹn, ó ti ní ìparí tí àbúrò wa òǹkọ̀wé ń béèrè.

Olùkọ́ Fisíìsì, Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ ohun tí ẹ kọ síta, títí kan ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì àti ti Nọ́ọ̀sì, mo sì fún bàbá ọmọ náà. Ibi tí ó dúró sí jù ni ibi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti kọ Asimov, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì gbà á ṣe olùkọ́. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi. Ó gbà pé kí ọmọ náà máa kọ̀wé láti aago márùn-ún sí mẹ́fà àárọ̀, kí ó tó múra ilé-ìwé, níwọ̀n ìgbà tí máàkì rẹ̀ kò bá ti lọ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti ka «The Fun They Had» ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọmọ náà sì ti tún ìtàn odó kọ ní Yorùbá, ó parí rẹ̀: ọmọdé na ọwọ́, ẹ̀rọ dá ọmọ odó dúró lókè, ìyá bínú pé iyán ń tutù, ẹ̀rọ kò mì. Nígbà tí ó fún mi ní ìwé náà, ó ní ọ̀rọ̀ «káwọ́ lẹ́rán» yẹn ló ń da òun láàmú. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gún iyán nínú ilé yìí, tí ó sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé kejì, ṣé ó gbọ́dọ̀ fi odó sílẹ̀? Bí gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò bá ń sunkún ńkọ́, ta ni yóò gún iyán? N kò tíì dá a lóhùn. Mo fẹ́ gbé ìbéèrè náà síwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.